Bàbá Àgbà, Sàlámì Télọ̀ àti Ọ̀nà Ìgèdè

Nínú ìwé kékeré tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà, ojú ewé mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ìtàn ayé rẹ̀. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí i sí, àwọn ilé ìwé tó ti kọ́ ọmọ, oyè tí ìjọ fi dá a lọ́lá, orúkọ àwọn ọmọ mẹ́fà àti iye ọmọ-ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Èmi ni mo bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì tún orúkọ méjì tí wọ́n ṣì kọ ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń kà á, mo rí i pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kò lè tipasẹ̀ ìwé náà mọ̀ ọ́n. Kò sí kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí Sàlámì nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi. Èyí tó pọ̀ jù, ẹnu Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àti ẹnu Sàlámì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní Adó, tó sì fi ọdún mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀ kú. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá ti dọ́gba, màá sọ ọ́.

Ní àwọn ọdún bíi mélòó kan kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Àgbà jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ ní ilé ìwé ìjọ kan ní Adó. Òun àti Sàlámì ra kẹ̀kẹ́ nínú oṣù kan náà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á gbéra nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, wọ́n á gba Ìyìn kọjá, wọ́n á dé Ìgèdè, nígbà mìíràn wọ́n á tẹ̀ síwájú dé Àrámọ̀kọ, wọ́n á sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò ní ohun tí wọ́n ń lọ rà, wọn kò ní ohun tí wọ́n ń lọ tà. Ìyẹn ló ń ya àwọn ará ọ̀nà lẹ́nu.

Bàbá àgbẹ̀ kan bi wọ́n léèrè nígbà kan pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ máa ń wá lọ sí Ìgèdè?"

Sàlámì dáhùn pé, "A ń lọ wò ó ni, bàbá."

"Ìgèdè ò kúkú sá lọ síbì kankan."

"A mọ̀, bàbá. Ìyẹn la ṣe ń rọra lọ."

Wọ́n ń rọra lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ló fà á. Ó ní kẹ̀kẹ́ máa ń gbé ọmọdé ga ju àgbà lọ, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì ga ju ti àgbà lọ kò tíì lè kí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá jù ú lọ tó bá pàdé lọ́nà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Á fi kẹ̀kẹ́ ti igi, á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, á béèrè ilé, á béèrè oko, á béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn náà ni yóò tún gùn ún. Sàlámì máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun ka iye ìgbà tí Bàbá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ láàárín Adó àti Ìyìn, ó sì jẹ́ ìgbà mọ́kànlélógójì. Bàbá Àgbà ní irọ́ ni, ìgbà mẹ́rìndínlógójì ni.

Sàlámì á ní, "Tíṣà, tó bá jẹ́ báyìí la ó máa lọ, à bá kúkú fẹsẹ̀ rìn, ká fi kẹ̀kẹ́ sílé kó sinmi."

Ìdáhùn kan náà ni Bàbá Àgbà máa ń fún un: "Ta ló ń lé wa?"

Mo ti gun ọ̀nà náà nínú ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì rí ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ òkè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè gùn dé orí, wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ jù. Tí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàà, wọ́n á jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa gbé wọn sọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Sàlámì á máa kọ orin tirẹ̀, Bàbá Àgbà á máa kun orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹnu. Wọn kò kọ orin kan náà rí.

Ní Ìgèdè, wọ́n máa ń dúró níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Níbẹ̀, odò tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ kéré débi pé ọmọdé lè fò ó. Sàlámì á la ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, á ní kí wọ́n lọ ròyìn òun fún àwọn ará Òṣogbo. Lẹ́yìn náà á ṣe àlùwàlá, á tẹ́ awọ ewúrẹ́ rẹ̀, á kírun. Bàbá Àgbà á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì mú bí ẹni tó di ẹṣin mú, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí Sàlámì á fi parí. Èmi gan-an rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di arúgbó tó jẹ́ pé iwájú ilé ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ mọ. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń di kẹ̀kẹ́ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. Ó ní, "Kí ọkàn rẹ̀ lè wà níbi tó yẹ kó wà."

Wọ́n ń jà. Kì í ṣe ìjà ńlá, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Bàbá Àgbà kò lè rí ohun tó wọ́ kó dákẹ́. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Sàlámì, á gbé aṣọ oníbàárà sókè, á ní apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ. Tí Sàlámì bá lẹ táyà, á ní kò fá a dáadáa kó tó lẹ̀ ẹ́. Lórí táyà kan báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgèdè, tí ọ̀kan wà níwájú, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn. Sàlámì ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Tíṣà, ojú ọ̀nà la wà, kì í ṣe kíláàsì rẹ."

Òtítọ́ sì ni pé Bàbá Àgbà máa ń yàtọ̀ lójú ọ̀nà. Ní kíláàsì, 'iṣu' àti 'ilé' ló ń sọ, ó sì ń na ọmọ Adó tó bá kọ 'usu' tàbí 'ulé' sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní Adó, tí wọ́n dáná sábẹ́ igi, usu ni wọ́n ń sun, usu ni wọ́n sì ń jẹ. Nígbà tí mo tọ́ka sí i fún un, ó ní, "'Iṣu' kì í jiná ní oko. Usu ló ń jiná níbẹ̀."

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀bẹ gé mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń bẹ iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. Àlejò wà nínú pálọ̀, àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọ kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi aṣọ wé ọwọ́, mo ń dúró de ìgbà tí wọn yóò parí. Bàbá Àgbà gbójú sókè, ó rí aṣọ tó ti pọ́n. Ó dìde láàárín ọ̀rọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ó gbé mi lọ sídìí omi. Nígbà tó di ọwọ́ náà tán, mo rò pé yóò yìn mí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de àlejò." Ọjọ́ yẹn ló sọ ìtàn Rúùtù fún mi. N kò gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ọdún púpọ̀ kí n tó gbọ́ ìyókù.

Rúùtù ni ọmọbìnrin tí Bàbá Àgbà ń fẹ́ ní Ìyìn, ṣáájú kó tó mọ Màmá Àgbà. Bàbá Rúùtù jẹ́ alàgbà ìjọ, ilé wọn sì wà létí ọ̀nà Adó gan-an. Wọ́n ti tọrọ ọmọ náà, ẹbí méjèèjì ti gbà, oṣù ìgbéyàwó nìkan ló kù tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ti fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ wa mọ ohun tí àna jẹ́. Gbogbo ohun tó bá ń mí nínú ilé náà lo máa dọ̀bálẹ̀ fún, títí kan ọmọ tó ń rákò. Bàbá Àgbà kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá iwájú ilé náà rárá. Láti ọ̀ọ́kán ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, á kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún fọwọ́ tì í títí ilé náà á fi pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n ti kúrò ní Ìgèdè, wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọn kò tíì dé Ìyìn. Sàlámì yà sínú igbó láti ṣẹ́ pákò. Paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bàbá Àgbà fa apá ẹ̀wù ara rẹ̀ ya, ó fi dè é lókè ojú ibẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Sàlámì sílẹ̀ nínú igbó. Ó gbé Sàlámì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó fi aṣọ dè é mọ́ ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó sì ń gùn ún lọ sí Adó, níbi tí ilé ìwòsàn kékeré kan wà. Nígbà tí wọ́n fi sún mọ́ Ìyìn, orí Sàlámì ti wà léjìká rẹ̀, kò sì dáhùn mọ́ tó bá pè é.

Bàbá Rúùtù jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Rúùtù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bàbá Àgbà rí wọn láti òkèèrè. Ó sọ fún mi pé àyè tí òun fi ronú kò ju láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì lọ. Tí òun bá sọ̀ kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, òun nìkan kò ní lè gbé Sàlámì padà sókè. Tí òun bá sì kí wọn láti orí kẹ̀kẹ́, òun á ti wo àna nílẹ̀ kí òun tó kí i, ìyẹn burú ju àìkí lọ. Ó ní, "Mo tẹrí ba, mo kọjá."

Ohun tí àwọn tó wà níwájú ilé rí ni tíṣà kan tí kò dé fìlà, tí apá ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, tí ọkùnrin kan ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bí àpò èlùbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹmu ti mú wọn." Kò sí ìgbà tí Sàlámì sọ ibí yìí tí kì í lu itan rẹ̀: "Èmi! Èmi tí n kò fi ahọ́n kan ẹmu rí látọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi!"

Wọ́n dé Adó. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ la ojú ibẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni Sàlámì wà láàárín ikú àti ìyè. Ó yè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò padà sípò tán, ó ń tiro títí ó fi kú. Wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láti inú igbó, ó sì tún gùn ún. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ṣàánú rẹ̀, á ní, "Kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ pé mò ń tiro."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàbá Àgbà fi kẹ̀kẹ́ sílé, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìyìn. Gbogbo ẹni tó kọjá lára wọn lọ́jọ́ náà láìkí wọn, tó bá ti rántí ojú wọn, ó dúró, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń sá èlùbọ́ lórí àpáta. Ó ní, "Mo ti ń sọ fún wọn pé Tíṣà ti di òyìnbó. Ejò kẹ̀? Kí ló dé tí o ò pariwo?" Ọkùnrin tó ń kọ́ ilé bi í ní ìbéèrè kan náà. Àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti odò bi í. Bàbá Àgbà ní kí òun tó dé Ìyìn, òun ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún òun níbẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Rúùtù. Ìyẹn kò ní kó dìde.

"Mo ti gbọ́. Wọ́n ní ejò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀rẹ́ rẹ ń kọ́?"

"Ó yè é, sà."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. "Ṣé o mọ àbúrò mi tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Bàbá Àgbà mọ iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìyìn. Ọkùnrin náà ló ń wo ẹni tí ejò bá bù jẹ; láti ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn wá bá a. Ó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jókòó síwájú ilé lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà rí i. Ojú àna ló gbà á lọ́kàn tí kò fi rántí ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó ní, "Mo rò pé tí mo bá kí yín láti orí kẹ̀kẹ́, ìwọ̀sí ni, sà."

"Ta ló ní kí o kí wa? Ariwo lò bá pa! Ọmọ tó bá ṣubú, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ láti kí ìyá rẹ̀ kó tó sunkún?"

"Mo ṣe àṣìṣe, sà. Ẹ dákun."

"Àṣìṣe kọ́. Ìjàǹbá ń lé ọ bọ̀, o rí ilé wa, o sáré kọjá. Àlejò lo fi wá ṣe. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi nínú ilé rẹ, wàá tún tẹrí ba, wàá kọjá."

Ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà ṣì sọ fún mi pé òun kò tíì rí èsì ọ̀rọ̀ náà. Rúùtù gbé omi wá fún un. Sàlámì ní Rúùtù sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀ bá pè wá." Bàbá Àgbà ní kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró títí òun fi mu omi náà tán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ife. Àwọn ẹbí dá ohun ìtọrọ padà kí oṣù náà tó parí.

Nígbà tí Sàlámì lè rìn, òun nìkan lọ bẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bàbá Rúùtù bá a ṣe àwàdà, ó ní òun kò ní ìjà kankan pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Lórí ọ̀ràn tó bá lọ, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Sàlámì ní, "Mo jẹ iyán wọn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyán ni mo bá lọ."

Màmá Àgbà, tí Bàbá Àgbà fẹ́ ní ọdún kejì, kò ní nǹkan kan lọ́kàn sí ìtàn yìí. Adó ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn Ọjà Ọba, kò sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Tí àwọn méjèèjì bá ti ń sọ ọ́ ní pálọ̀, á ti ìdáná dáhùn pé, "Ejò ló fún mi lọ́kọ." Síbẹ̀, tó bá rí ejò, á pa á.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí n kọ. Aṣọ ìgbéyàwó Rúùtù wà ní ṣọ́ọ̀bù Sàlámì. Ìyá Bàbá Àgbà ló ra aṣọ funfun náà, Sàlámì sì ti gé e, ó ti rán an dé apá, kí ejò tó bù ú jẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Rúùtù fẹ́ fẹ́ káfíńtà kan láti Ìkẹ́rẹ́, Sàlámì ní òun máa tú u, òun máa fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọdé.

Bàbá Àgbà ní, "Ara Rúùtù lo fi wọ̀n ọ́n. Ta ló tún fẹ́ bá mu? Parí apá rẹ̀."

"Tíṣà, ṣé orí rẹ pé?"

"Apá méjèèjì. Kí wọ́n dọ́gba."

Sàlámì parí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi bébà wé aṣọ náà, wọ́n dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìyìn. Bàbá Àgbà ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń kí ènìyàn, ó ń béèrè oko àti ilé. Sàlámì ní ọjọ́ yẹn nìkan ni òun kò kà á. Wọ́n fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ dé iwájú ilé. Bàbá Rúùtù jáde. Bàbá Àgbà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tú okùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù náà fún un, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà gbà á.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ jẹun."

Bàbá Àgbà ní, "Ẹ ṣeun, sà. A ṣì ń lọ sí Ìgèdè."

Wọ́n sì lọ sí Ìgèdè. Sàlámì kírun, wọ́n sun iṣu, wọ́n padà wálé. Sàlámì ní Rúùtù wọ aṣọ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bàbá Àgbà ní òun kò béèrè.

Mo bi àwọn méjèèjì léèrè, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ara ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aṣọ náà lọ. Sàlámì ní, "N kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo wà." Bàbá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí mo bi í. Ó ronú pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ìdáhùn òun péye.

Ó ní, "Ọ̀nà dára lọ́jọ́ náà. Òjò ti rọ̀ lóru. Kò sí eruku."